Ṣé lóòótọ́ ni kẹ́míkà inú ike ń yí jíìnì padà, tí kì í sì í jẹ́ kéèyàn bímọ?

Arábìnrin kan kọ̀wé sí mi báyìí pé:

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 31 ni mí. Ó ti lé lọ́dún kan àtààbọ̀ tí èmi àti ọkọ mi ti ń retí oyún. Láìpẹ́ yìí, ẹnì kan fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní kẹ́míkà tó wà nínú ike, ìpara àti lọ́fínńdà ti yí jíìnì wa padà, pé òun ni kì í jẹ́ kí obìnrin lóyún mọ́, àti pé ohun tó bá ti bàjẹ́ lára ìyá á bá ọmọ lọ títí dé ọ̀dọ̀ ọmọ-ọmọ. Wọ́n wá ń ta oògùn kan tí wọ́n ní ó máa fọ gbogbo rẹ̀ kúrò lára. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe ara mi? Kí ni kí n ṣe báyìí?"

Arábìnrin mi, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó náwó sórí oògùn yẹn. Òótọ́ wà nínú fídíò náà, irọ́ sì wà níbẹ̀. Wọ́n ti pò wọ́n pọ̀ débi pé ó ṣòro fún ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ yìí láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìbéèrè yín kejì ni màá kọ́kọ́ dáhùn, torí mo rí i pé òun ló ń jẹ yín lọ́kàn jù: rárá, ẹ̀yin kọ́ lẹ fọwọ́ ara yín ṣe ara yín. Kò sí dókítà tó lè wo abọ́ ike tí ẹ fi jẹun láti ọdún yìí wá, kó wá sọ pé òun ni kò jẹ́ kí ẹ lóyún. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2023 pé nínú àgbàlagbà mẹ́fà mẹ́fà, ó ń kan ẹnì kan tí ọmọ bíbí máa ń ni lára nígbà kan láyé rẹ̀. Ohun tó ń fa èyí pọ̀, kẹ́míkà kàn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ni. Ṣùgbọ́n ọ̀kan gidi ni, kì í ṣe àròsọ. Ìwádìí họ́mónù àti ọmọ bíbí sì ni iṣẹ́ mi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n rọra ṣàlàyé.

Họ́mónù ni ońṣẹ́ tí ẹ̀yà ara kan ń rán sí òmíràn gba inú ẹ̀jẹ̀. Àpò ẹyin ló ń rán estrogen, ẹpọ̀n ló ń rán testosterone, ẹṣẹ́ thyroid tó wà ní ọrùn náà ní tirẹ̀. Ìwọ̀n tó ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀ kéré ju ohun tí ojú inú lè rí lọ. Picogram la fi ń wọn estrogen nínú mílílítà ẹ̀jẹ̀ kan, bí a bá sì pín gíráàmù kan sí ọ̀nà tírílíọ̀nù kan, ìpín kan ṣoṣo níbẹ̀ ni picogram. Ohun tó jẹ́ kí kíún yìí lágbára ni pé àwọn purotéènì kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ pé àtigba họ́mónù mọ́ra ni iṣẹ́ wọn. Rìsẹ́pítọ̀ là ń pè wọ́n. Bí estrogen bá ti wọ inú rìsẹ́pítọ̀ tirẹ̀, rìsẹ́pítọ̀ náà á yí ìrísí padà, á so pọ̀ mọ́ èkejì rẹ̀, àwọn méjèèjì á sì lọ dúró sórí DNA, ìyẹn okùn tí ìtọ́ni ara wa wà lórí rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ tí a fi lẹ́tà kọ, níbì kan pàtó lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìnì kan, ìyẹn apá kan DNA tó ní ìtọ́ni kan nínú. Wọ́n á pe àwọn purotéènì míì jọ síbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni jíìnì náà á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tàbí kó dákẹ́.

Nǹkan bí 20,000 jíìnì ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì wa. Èyí tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ náà ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì ilé-ọmọ. Ohun tó mú kí ẹ̀dọ̀ jẹ́ ẹ̀dọ̀, tó mú kí ilé-ọmọ jẹ́ ilé-ọmọ, ni èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn jíìnì náà, èyí tó dákẹ́, àti ìgbà tí kálukú wọn ń ṣe bẹ́ẹ̀. Họ́mónù wà lára àwọn tó ń pàṣẹ ọ̀hún.

Kẹ́míkà tó ń da họ́mónù rú ni ohunkóhun tó bá ti ìta wá tó kó sáàárín àṣẹ yìí. Lọ́dún 1991, Theo Colborn kó àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì jọ sí Wingspread ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kó gbogbo wọn pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ wọn ò dọ́gba. BPA, tí wọ́n fi ń ṣe ike líle tó mọ́ gaara àti ohun tí wọ́n fi ń kun inú agolo oúnjẹ, máa ń wọ inú rìsẹ́pítọ̀ estrogen bí ẹni pé òun gan-an ni estrogen. DDT, oògùn apakòkòrò kan, máa ń di DDE nínú ara. DDE á lọ jókòó sínú rìsẹ́pítọ̀ testosterone, kò ní ṣe iṣẹ́ kankan níbẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ẹni tó ni àyè ráyè wọlé. Phthalate, tó ń mú kí ike rọ̀, tó sì ń jẹ́ kí òórùn lọ́fínńdà pẹ́ lára, kì í bá rìsẹ́pítọ̀ fa wàhálà. Inú ẹpọ̀n ọmọ tó ṣì wà nínú oyún ló ti ń dín iṣẹ́ àwọn jíìnì tó ń pèsè testosterone kù. TBT wà tẹ́lẹ̀ nínú ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi. Òun ló mú kí abo ìgbín inú òkun máa hu nǹkan ọmọkùnrin, títí òfin àgbáyé fi lé e kúrò lórí ọkọ̀ lọ́dún 2008.

Ẹ ò rí i pé mi ò tíì sọ pé èyíkéyìí nínú wọn kọ jíìnì tuntun, tàbí pé ó pa ti àtijọ́ rẹ́. Ibí yìí ni fídíò yẹn ti ṣì yín lọ́nà. Lẹ́tà kan náà ló wà nínú ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, àmì tó wà lórí wọn ló ń jẹ́ ká mọ èyí tí à ń wí. DNA náà ní àmì lórí. Kẹ́míkà kékeré kan tó ń jẹ́ methyl ló sábà máa ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà DNA, ibi tó bá sì pọ̀ sí lẹ́bàá ojú ọ̀nà jíìnì, jíìnì yẹn á dákẹ́. Bákan náà, DNA kì í tú sílẹ̀ gbàrà nínú sẹ́ẹ̀lì. A ká a mọ́ àwọn purotéènì tí wọ́n ń pè ní histone, bó bá sì ká le jù, jíìnì tó wà níbẹ̀ ò lè sọ̀rọ̀. Àwọn àmì yìí àti ìká yìí ni kẹ́míkà tó ń da họ́mónù rú sábà máa ń dé. Lẹ́tà wà bó ṣe wà, àmì ló ṣí kúrò ní àyè rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí èyí lè dà lára ènìyàn, ìtàn DES ni kí ẹ gbọ́. Mi ò mọ ìtàn míì tó kọ́ wa tó bẹ́ẹ̀, mi ò sì lè sọ ọ́ kó má dùn mí. Ọdún 1938 ni Charles Dodds àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìlú Ọba kéde pé àwọn ti ṣe DES, estrogen àtọwọ́dá tí èèyàn lè gbé mì. Àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í fún aláboyún lò ó kí oyún má baà wálẹ̀. Lọ́dún 1953, wọ́n dán an wò dáadáa ní Chicago, wọ́n sì rí i pé kò dá oyún kankan dúró. Síbẹ̀, wọ́n ń bá a lọ ní kíkọ ọ́ fún àwọn obìnrin fún ohun tó ju ọdún 15 lọ lẹ́yìn ìgbà náà. Lóṣù April 1971 ni Arthur Herbst àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston wá tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn rí ọ̀dọ́bìnrin 8 tó ní jẹjẹrẹ kan lójú ara, irú èyí tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ọ̀dọ́ rárá. Nínú àwọn 8 náà, ìyá àwọn 7 ló lo DES nígbà tí wọ́n wà nínú oyún wọn. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n má fún aláboyún lò ó mọ́.

Jẹjẹrẹ yẹn ló gbajúmọ̀, àmọ́ àwọn tó ní in ò pọ̀. Èyí tó bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọbìnrin wọ̀nyẹn kalẹ́ ni àìrọ́mọbí, oyún tó dúró síta ilé-ọmọ, oyún tó ń wálẹ̀, àti ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán inú wọn, ilé-ọmọ ọ̀pọ̀ nínú wọn rí bíi lẹ́tà T. Láti mọ ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo ìdílé jíìnì kan tó ń jẹ́ HOX. Nínú ọlẹ̀ obìnrin, ọpọ́n tín-ínrín kan ló máa di ọ̀nà tí ẹyin ń gbà, ilé-ọmọ àti apá òkè ojú ara. HOXA9 ló ń sọ fún apá òkè rẹ̀ pé ọ̀nà ẹyin ni yóò jẹ́. HOXA10 ń sọ fún àárín pé ilé-ọmọ ni, àwọn yòókù sì ń bójú tó ìsàlẹ̀. DES gbé HOXA9 wọ ibi tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì dín HOXA10 kù níbi tó yẹ kó wà. Ibi tó yẹ kó di ilé-ọmọ wá gba àṣẹ tó jẹ́ ti ọ̀nà ẹyin. HOXA10 náà kì í sì í parí iṣẹ́ lọ́jọ́ ìbí. Lóṣooṣù ló ń gbéra sókè nínú ilé-ọmọ àgbàlagbà obìnrin, ní àkókò tó yẹ kí oyún lẹ̀ mọ́ ògiri. Nínú eku tó bá DES pàdé nígbà tó wà nínú ìyá rẹ̀, wọ́n rí i pé àmì methyl kún orí HOXA10. Eku tó bá BPA pàdé ńkọ́? Tirẹ̀ ń dín kù ni. Òdìkejì pátápátá, lórí jíìnì kan náà.

Ẹ fara balẹ̀ wo ohun kan nínú ìtàn yìí. Ìyá tó gbé oògùn mì ò rí nǹkan kan lára ilé-ọmọ tirẹ̀. Ọmọ tó wà nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dé bá, ogún ọdún kọjá kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú jù nìyẹn nínú gbogbo ohun tí mò ń kọ: nínú ọ̀rọ̀ họ́mónù, ìgbà tí nǹkan dé sí ara lè ṣe pàtàkì ju bó ṣe pọ̀ tó lọ. Ara àgbàlagbà ti parí kíkọ́. Bí họ́mónù bá rú nínú rẹ̀, ó sábà máa ń padà sípò bí ohun tó ń rú u bá kúrò. Ọlẹ̀ ṣì ń kọ́ ilé lọ́wọ́, ohun tó bá sì gbà ní ọ̀sẹ̀ kan pàtó, kò sí ọ̀sẹ̀ míì láti tún un ṣe.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ọmọkùnrin. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 8 títí dé 14 nínú oyún ni testosterone máa ń tẹ nǹkan ọmọkùnrin dó. Nínú eku, phthalate máa ń ré testosterone bọ́ ní àkókò yẹn, ó sì máa ń dín jíìnì kan tó ń jẹ́ INSL3 kù, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú ẹpọ̀n sọ̀ kalẹ̀. Akọ eku wọ̀nyẹn á dàgbà pẹ̀lú ẹpọ̀n tí kò sọ̀, ihò ìtọ̀ tó ṣí sí ibi tí kò yẹ, àti àtọ̀ tí kò tó nǹkan. Niels Skakkebæk ní Denmark ti dá a lábàá lọ́dún 2001 pé orísun kan náà ni àwọn nǹkan wọ̀nyí ní lára ọmọkùnrin, títí kan jẹjẹrẹ ẹpọ̀n, pé inú oyún ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Èmi gbà á gbọ́ dé àyè kan. Àmọ́ iye tí wọ́n fún eku pọ̀ gan-an ju iye tó wà lára aláboyún lásán, ó sì yẹ kí ẹni tó bá ń sọ ìtàn eku sọ ìyẹn pẹ̀lú.

Obìnrin náà ní àkókò tirẹ̀ tó ṣí sílẹ̀, torí inú oyún ìyá rẹ̀ ni gbogbo ẹyin rẹ̀ ti wá. Ní nǹkan bí oṣù karùn-ún nínú oyún, ọlẹ̀ obìnrin máa ń ní ẹyin tó tó mílíọ̀nù 6 tàbí 7, kó tó máa dín kù. Lọ́dún 1998, Patricia Hunt, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, ń ṣe ìwádìí lórí ẹyin eku nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ dédé dàrú. Láàárín àwọn eku tó yẹ kí ara wọn dá ṣáká, ẹyin tí kúrómósómù rẹ̀ (ìdì DNA inú sẹ́ẹ̀lì) ò tò dáadáa fò láti ìdá 1 tàbí 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sí 40. Wọ́n wádìí títí wọ́n fi mọ̀ pé ẹnì kan ti fi ọṣẹ líle tó wà fún ilẹ̀ fọ àgò àti ìgò omi àwọn eku náà. Ike náà ti jẹ, BPA sì ń jò jáde. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ tún un ṣe láti fi dá a lójú, ohun kan náà ló tún ṣẹlẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2003.

Ó yẹ kí n fi kún un pé ènìyàn ti mọ̀ láti 1936 pé BPA ń ṣe bí estrogen. Dodds kan náà tó ṣe DES ló tẹ̀ ẹ́ jáde. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe ike.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ọmọ àti ọmọ-ọmọ tó ń dẹ́rù bà yín. Bí aláboyún bá gbé ọlẹ̀ obìnrin, ìran mẹ́ta ló wà lójú kan: òun fúnra rẹ̀, ọmọ inú rẹ̀, àti ẹyin tó wà nínú ọmọ náà, tó lè di ọmọ-ọmọ lọ́la. Nítorí náà, bí nǹkan bá hàn lára ọmọ-ọmọ, a ò tíì lè pè é ní àjogúnbá, torí kẹ́míkà lè ti kan ẹyin yẹn gan-an. Ó dìgbà tó bá dé ara ìran kẹrin kí ọ̀rọ̀ ogún tó wọlé. Ara sì ní ààbò níbí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń nu púpọ̀ jù lọ nínú àmì orí DNA kúrò: lẹ́ẹ̀kan ní kété tí àtọ̀ àti ẹyin bá pàdé, àti lẹ́ẹ̀kan sí i nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ọlẹ̀ tó máa di ẹyin tàbí àtọ̀. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe ló ń bá nínù yẹn lọ. Àwọn àmì díẹ̀ kan máa ń bọ́ nínú nínù àkọ́kọ́, ibẹ̀ sì ni ìjíròrò wà.

Ní 2005, àwọn olùṣèwádìí tí Michael Skinner ṣáájú ní ìpínlẹ̀ Washington gún abo eku tó lóyún ní abẹ́rẹ́ vinclozolin, oògùn tí wọ́n ń fín sí èso kó má baà bu. Títí dé ìran kẹrin ni àtọ̀ àwọn akọ ń dín kù, àmì orí DNA wọn sì yàtọ̀. Ìròyìn yẹn mi ayé wa. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n gún ju ohun tí ẹnikẹ́ni ń bá pàdé nínú oúnjẹ lọ fíìfíì, àwọn míì tó sì gbìyànjú láti tún un ṣe ò rí ohun tí wọ́n rí. Lára ènìyàn, kò sí ẹni tó tíì fi hàn pé irú àmì bẹ́ẹ̀ dé ìran kẹrin. Ẹni tó bá ń sọ ọ́ fún yín bí ohun tó ti dájú, ó fẹ́ ta nǹkan ni.

Ìwádìí eku kan wà tí mo máa ń fẹ́ kí àwọn tó ń retí oyún gbọ́. Irú eku kan ní jíìnì tó ń jẹ́ agouti. Bí àmì methyl bá pọ̀ lórí rẹ̀, eku náà á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kò sì ní sanra. Bí àmì bá kéré, á yọ bí àwọ̀ ìyeyè, á sì tóbi. Ní 2007, Dana Dolinoy àti Randy Jirtle fi BPA sínú oúnjẹ ìyá, ọmọ tó ní àwọ̀ ìyeyè sì pọ̀ sí i. Wọ́n wá fi folic acid àti àwọn èròjà bíi tirẹ̀ kún oúnjẹ náà, àwọ̀ padà sí bó ṣe yẹ. Folic acid wà lára ohun tí ara fi ń ṣe methyl. Eku ni o, mi ò sọ pé ó ń pa oró BPA lára ènìyàn. Àmọ́ ẹ ti mọ̀ pé àmì tó ṣí lè padà, ẹ̀yin náà sì nílò folic acid ṣáá: 400 microgram lójúmọ́, láti ìsinsìnyí títí dé ọ̀sẹ̀ 12 oyún, nítorí ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ.

Kí ni kẹ́míkà wọ̀nyí ń ṣe lára obìnrin tó ti dàgbà bíi tiyín? Ẹ̀rí ibẹ̀ rọ̀ ju ti inú oyún lọ. Ní Boston, àwọn olùṣèwádìí kan ń wọn BPA nínú ìtọ̀ àwọn obìnrin tó ń ṣe IVF, ìyẹn pípa ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ níta ara kí wọ́n tó gbé e sínú ilé-ọmọ. Ní 2012, wọ́n sọ pé oyún kì í fẹ́ lẹ̀ lára àwọn tí BPA wọn pọ̀. Nígbà tí wọ́n kó obìnrin púpọ̀ sí i jọ, tí wọ́n tún un wò ní 2015, ìyàtọ̀ náà ò hàn mọ́. Bí sáyẹ́ǹsì ṣe ń rìn nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí mi ò fi gbọdọ̀ sọ fún yín pé ike ló dá oyún yín dúró. Ohun míì tó yẹ kó fi yín lọ́kàn balẹ̀ ni pé BPA àti phthalate kì í pẹ́ lára. Láàárín ọjọ́ kan, púpọ̀ jù lọ ti bá ìtọ̀ jáde. Ìdí tí a fi ń bá wọn lára gbogbo ènìyàn ni pé ojoojúmọ́ la tún ń kó wọn wọlé. DDT, dioxin (tó máa ń jáde bí wọ́n bá ń sun pàǹtírí) àti PFAS (tí wọ́n ń lò kí omi àti epo má baà lẹ̀ mọ́ nǹkan) ló yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń lò lára.

Ọkọ yín náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, bí ẹ ò tilẹ̀ béèrè nípa rẹ̀. Hagai Levine, Shanna Swan àti àwọn míì kó ìwádìí púpọ̀ jọ ní 2017, wọ́n sì rí i pé iye àtọ̀ nínú mílílítà kan lára ọkùnrin Amẹ́ríkà ti Àríwá, Yúróòpù, Ọsirélíà àti New Zealand dín kù ju ìdajì lọ láàárín 1973 sí 2011. Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ohun tó fà á: sísanra, sìgá, ooru, kẹ́míkà. Ohun tó dára ni pé bí ọjọ́ 74 ni àtọ̀ fi ń dàgbà nínú ẹpọ̀n. Ohun tí ọkùnrin bá yí padà lónìí lè hàn lára àtọ̀ rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta.

Kí n tó sọ ohun tí ẹ lè ṣe nílé, mo gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí iṣẹ́ náà wà lọ́rùn rẹ̀. Ó máa ń bí mi nínú tí wọ́n bá gbé gbogbo ẹrù yìí lé aláboyún lórí, bí ẹni pé òun ló dá BPA sílẹ̀. Nígbà tí Yúróòpù lé BPA kúrò nínú ìgò ọmọ ọwọ́ ní 2011, kò sí ìyá tó nílò láti ka àkọlé ara ìgò kó tó lè dáàbò bo ọmọ rẹ̀. Ní 2023, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ níbẹ̀, EFSA, tún ìṣirò rẹ̀ ṣe, iye BPA tó ní ènìyàn lè gbà lójúmọ́ sì wá sílẹ̀ ní ìlọ́po 20,000 sí ohun tó sọ ní 2015. Lópin 2024 ni wọ́n fòfin dè é nínú ohun tó ń kan oúnjẹ. Irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ló ń yí nǹkan padà fún gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní tiyín, ohun díẹ̀ tó ti yege nínú ìdánwò tó. Ní 2011, àwọn olùṣèwádìí ní California fún ìdílé 5, ènìyàn 20, ní oúnjẹ tí kò ti inú agolo wá, tí kò sì kan ike, fún ọjọ́ 3 péré. BPA inú ìtọ̀ wọn fi ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, èròjà phthalate kan náà sì dín kù ju ìdajì lọ. Ní California kan náà, wọ́n ní kí ọmọbìnrin 100 lo ìpara àti ọṣẹ tí kò ní àwọn kẹ́míkà kan fún ọjọ́ 3, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2016 pé àwọn kẹ́míkà náà dín kù lára wọn. Nítorí náà, ẹ má gbé oúnjẹ gbígbóná sínú ike, ẹ má fi ike gbé e kaná nínú makiroweefu, ẹ dín oúnjẹ inú agolo kù, ẹ yan ìpara tí kò ní òórùn, ẹ máa fi aṣọ tútù nu eruku ilé. Ó tó. Ẹ má ṣe jẹ́ kó di ẹrù tuntun lọ́kàn yín. Bí ẹ bá rí ike tí wọ́n kọ sí lára pé kò ní BPA, ẹ má fi ìyẹn gbé oúnjẹ gbígbóná bákan náà, torí BPS ni wọ́n sábà máa ń fi rọ́pò rẹ̀, òun náà sì ń wọ inú rìsẹ́pítọ̀ estrogen.

Ẹ má ra oògùn yẹn. BPA àti phthalate ti ń bá ìtọ̀ jáde fúnra wọn, kò sí ohun tí oògùn kan fẹ́ fọ̀ níbẹ̀. Kò sì sí oògùn tí wọ́n ti fi hàn pé ó ń fọ àmì orí DNA. Ẹni tó ń retí oyún kò gbọ́dọ̀ gbé ohun tí kò mọ èròjà rẹ̀ mì. Ẹ rántí pé aláboyún tó fẹ́ dá oyún dúró ni wọ́n fún ní DES.

Owó tí ẹ̀ bá fi rà á, ẹ fi ṣe àyẹ̀wò. Oṣù 12 là ń dúró kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí, ẹ̀yin ti kọjá rẹ̀. Kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ, torí ti ọkùnrin máa ń wà nínú nǹkan bí ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Kí ọkọ yín ṣe àyẹ̀wò àtọ̀ lẹ́yìn tó bá ti yẹra fún ìbálòpọ̀ fún ọjọ́ 2 sí 7. Ẹ̀yin, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo thyroid yín, kí wọ́n wo progesterone, họ́mónù tó máa ń pọ̀ sí i lẹ́yìn tí ẹyin bá jáde, ní nǹkan bí ọjọ́ 7 ṣáájú ọjọ́ tí ẹ̀ ń retí nǹkan oṣù kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹyin ń jáde, kí wọ́n sì wo ilé-ọmọ àti bóyá ọ̀nà ẹyin ṣí. Bí nǹkan oṣù yín bá ń ṣe ségesège, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó béèrè.

Ohun kan wà tí ẹ ò kọ sínú ìwé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé láti sọ ọ́ fún dókítà: iṣẹ́ tí ẹ̀yin méjèèjì ń ṣe. Ẹni tó ń fín oògùn apakòkòrò, tó ń po ọ̀dà, tó ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ ike, tàbí tó ń fi kẹ́míkà ṣe irun lójoojúmọ́, lè máa gbà ju ohun tí abọ́ ike ilé lè fún ẹnikẹ́ni lọ. Bí ọ̀kan nínú yín bá wà nírú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìbọ̀wọ́, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, àti pípààrọ̀ aṣọ kó tó wọlé ni màá kọ́kọ́ bá yín sọ, kí a tó dárúkọ lọ́fínńdà rárá.